Ẹ Hun Awẹ́ Ìdánwò Kí Ẹ Tó Gbé Ojú Súwẹ́tà Lé Abẹ́rẹ́

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ìdílé àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Súwẹ́tà 36 ló bí ìwé yìí. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ kan ní Rẹ́mọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan, pé kí wọ́n hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin kí ọyẹ́ tó dé. Àwọn 12 ló pín in hun. Ẹnì kan hun ẹ̀yìn, ẹlòmíì hun iwájú, àwọn tó kù hun apá. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ rán an pọ̀ ni wọ́n rí i pé iwájú fi ìka mẹ́ta fẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, apá kan gùn, èkejì kúrú. Wọ́n fipá rán an bẹ́ẹ̀. Mo wà níjokòó lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀kan wọ ọmọ. Ó dé etí, ó há. Wọ́n fà á, ọmọ ń ké nínú òwú, àtàrí rẹ̀ ti yọ lókè, a ò rí ojú rẹ̀. Mẹ́sàn-án péré ni ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà. Òwú kílò 7 ó lé ló wọ inú iṣẹ́ yẹn, owó àjọ ni wọ́n sì fi rà á.

Gbogbo àwọn ìyá yẹn ló mọ híhun dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ìwé yìí kò fi ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní pléènì àti pọ́ọ̀lù, oríṣi ojú méjì tó jẹ́ ìpìlẹ̀ híhun. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ń hun nídìí àtẹ nígbà tí oníbàárà kò bá tíì dé, ẹ ń hun nígbà tí ẹ bá yan gàrí tán tí ọwọ́ dilẹ̀. Mo tiẹ̀ mọ bàbá kan ní Òde-Rẹ́mọ tó ń hun mọ́fúlà tó bá ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, kò sì sí ẹni tó lè bá a wíjọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń rí léraléra, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìṣarà, ni pé ẹ kì í hun awẹ́ ìdánwò. Ẹ ó kàn gbé ojú 72, ìyẹn ìkọ́ òwú 72, lé abẹ́rẹ́ nítorí pé 72 ni ọ̀rẹ́ yín gbé, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀.

Awẹ́ ìdánwò ni awẹ́ kékeré tí a fi òwú tí a fẹ́ lò àti abẹ́rẹ́ tí a fẹ́ lò hun, tí a fọ̀, tí a jẹ́ kó gbẹ, tí a sì ka ojú rẹ̀, ká tó fọwọ́ kan súwẹ́tà gan-an. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ ra àpò obì ní Sábó ní Ṣàgámù kò ní sanwó láìla ẹyọ kan wò. Kí ló dé tí ti súwẹ́tà fi yàtọ̀?

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Híhun kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá ti rí ìtàgbé léjìká Òṣùgbó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin wa ti ń hun aṣọ olónà. Ṣùgbọ́n òfì kì í tan ni jẹ: bí òwú bá ti wà lórí rẹ̀, ìbú aṣọ ti hàn sójú. Abẹ́rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú 72 á ṣù jọ sórí abẹ́rẹ́ bí èèrà tó rí ṣúgà, ẹ ò sì ní mọ bó ṣe máa fẹ̀ tó àfi tí ẹ bá hun ún dé ìdajì, ìgbà yẹn òwú ti lọ. Apẹja tó ń di àwọ̀n ní Ìwòpin ní igi pẹlẹbẹ tó fi ń wọn ojú àwọ̀n kí wọ́n lè dọ́gba. Súwẹ́tà kò ní irú igi bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ni igi rẹ̀, ọwọ́ kò sì dọ́gba. Ọwọ́ ìyá kan le, ti èkejì dẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó bẹ ẹ̀gẹ́ látàárọ̀ pàápàá kì í hun bó ṣe ń hun lọ́jọ́ Ìsinmi.

Bí ẹ ó ṣe hun ún

Òwú alábọ́ọ́dé ni mò ń sọ níbí, èyí tí wọ́n kọ DK sí lára bébà rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mìlímítà 4. Ẹ gbé ojú 40 lé abẹ́rẹ́. Ẹ hun ìlà 6 ní pléènì lọ-bọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ hun ìlà 40, pléènì níwájú, pọ́ọ̀lù lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí ojú 4 àkọ́kọ́ àti ojú 4 ìkẹyìn nínú ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ pléènì nígbà gbogbo kí etí rẹ̀ má baà ká. Ẹ tún hun ìlà 6 ní pléènì, kí ẹ wá pa ojú rẹ̀ dé kó má baà tú. Òwú tó máa lọ síbẹ̀ kò tó gíráàmù 15. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ìfowóṣòfò ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, a mọ owó kà: gíráàmù 15 ni àbí kílò 7?

Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù tó ní ọṣẹ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má bó o, ẹ má sì fún un bí ẹni ń fún aṣọ oko. Ẹ fi tówẹ̀lì wé e, ẹ tẹ omi rẹ̀ kúrò, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní níbòji di ọjọ́ kejì. Ẹ má fà á kó lè bá iye tí ẹ ń fẹ́ mu. Mo rí ìyá kan tó fi èékánná fà á títí ó fi pé, ó wá bojú wò mí bóyá mo rí i. Mo rí i.

Bó bá gbẹ, ẹ gbé rúlà onígi sí àárín rẹ̀. Téèpù tí ẹ ti ń lò láti ọdún mẹ́wàá ti fà, ẹ má lò ó. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ méjì sàmì sí sẹ̀ntímítà 10, kí ẹ ka ojú tó wà láàárín wọn. Bó bá ku ìdajì ojú, ẹ ka ìdajì náà mọ́ ọn. Ẹ ka ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú 22 àti ìlà 28 sí 30 ló sábà máa ń wà lára bébà òwú DK fún sẹ̀ntímítà 10. Bí tiyín bá jẹ́ 26, ọwọ́ yín le. Bó bá jẹ́ 19, ọwọ́ yín dẹ̀. Èyíkéyìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá ṣírò. Àyà ọmọ ọdún mẹ́rin máa ń wà ní bíi sẹ̀ntímítà 58. Ẹ fi 6 kún un kó lè mí, ó di 64. Ìdajì rẹ̀ fún iwájú nìkan jẹ́ 32. Ẹ fi ojú tí ẹ kà sọ 32 di púpọ̀, ẹ pín in sí 10, kí ẹ fi ojú 2 kún un fún ìránpọ̀. Ẹni tó rí 22: 704, ó di 70, pẹ̀lú 2 ó jẹ́ 72. Ẹni tó rí 26: 832, ó di 83, pẹ̀lú 2 ó jẹ́ 85, kó sọ ọ́ di 86 kí ríìbù, etí ìsàlẹ̀ tó ń fà, lè pé. Bí ẹni tó rí 26 bá gbé ojú 72 lé abẹ́rẹ́, sẹ̀ntímítà 27 ni iwájú rẹ̀ máa fẹ̀ mọ. Iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀ kò ju 54 lọ, lórí àyà tó jẹ́ 58. Irú súwẹ́tà tó ń há mọ́ ọmọ láyà nìyẹn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ yí iye ojú padà lè yí abẹ́rẹ́. Ojú pọ̀ jù, kó mú abẹ́rẹ́ tó sanra sí i. Ojú kéré jù, kó mú tín-ín-rín. Ìyàtọ̀ mìlímítà 0.5 máa ń yí bí ojú 1 sí 1 àbọ̀ nínú sẹ̀ntímítà 10. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tuntun, awẹ́ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó tún un hun.

Fún ẹgbẹ́ tó bá gba iṣẹ́ púpọ̀: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ súwẹ́tà kan ni kó parí rẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn àti apá. Ẹ pín súwẹ́tà, ẹ má pín ara súwẹ́tà.

Abẹ́rẹ́ àti òwú

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí a pọ́n lórí hun. Èmi náà, sípóòkù ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ó dára fún fìlà ọmọ tuntun tó bá jẹ́ òwú tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sípóòkù kò ju bíi mìlímítà 2 lọ. Ẹni tó bá fi hun òwú DK tí bébà rẹ̀ sọ pé mìlímítà 4, pátákó ló máa hun. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́ lórí abẹ́rẹ́ yín, ẹ to abẹ́rẹ́ mẹ́rin tó jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ẹ wọn ìbú wọn. Sẹ̀ntímítà 1.6 ni mìlímítà 4. Sẹ̀ntímítà 1.4 ni mìlímítà 3.5.

Ní ti òwú, ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yálà ní Òkè-Ajé ni àbí ẹ lọ sí Èkó. Mọ́fúlà oníbùú sẹ̀ntímítà 20 tó gùn ní 150 ń gba gíráàmù 150 sí 200. Súwẹ́tà ọmọ ọdún mẹ́rin ń gba 200. Ìborùn ọmọ tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 90 ń gba 350. Ẹ wo nọ́ńbà aró lára bébà rẹ̀: òwú tí wọ́n jọ pa láró nínú ìkòkò kan ló ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Búlúù ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe búlúù ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tó bá yàtọ̀ á sì hàn láàárín ẹ̀yìn súwẹ́tà bí ilà.

Bí òwú kò bá ní bébà, ẹ fi iná tọ́ ọ wò. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ fi nǹkan irin dì í mú lórí abọ́ omi. Bó bá jó bíi bébà tó sì di eérú, òwú inú oko ni. Bó bá ń rùn bí irun tó jóná, irun àgùntàn ni. Bó bá yọ́ tó sì di kóró líle, ti ilé iṣẹ́ ni, bíi ákírílíìkì. Ti àgùntàn, omi gbígbóná àti fífọwọ́ra á sọ ọ́ di pátákó kékeré. Òwú inú oko máa ń wúwo, ó sì ń fà tí a bá sá a kọ́ sórí okùn. Ákírílíìkì ni ẹ máa rí jù, ó rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù gbígbóná kò gbọdọ̀ kàn án. Á dẹ̀ lójijì, á máa dán, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́ láé. Orí ẹní ni kí ẹ sá gbogbo wọn sí, bí ẹni sá èlùbọ́.

Fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ka gbogbo èyí tán, wọn ò sì ní hun awẹ́ kankan. Kí irú wọn máa hun ìborùn láti igun dé igun. Ojú 3 ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, pléènì ni gbogbo ìlà, ẹ ó máa fi ojú 1 kún un níbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ìhà kan bá ti di sẹ̀ntímítà 90, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ojú 1 níbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan títí á fi ku 3. Bí òwú gíráàmù 350 lẹ rà, ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n: nígbà tó bá ku 180 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ì báà má tíì pé 90. Ìborùn kékeré tó parí sàn ju ńlá tí igun kan rẹ̀ ṣẹ́kù lọ. Mọ́fúlà náà kò le: pléènì lọ-bọ̀ ni, torí tí ẹ bá hun pọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn rẹ̀, á ká bí ewé tí oòrùn pa.

Ṣùgbọ́n súwẹ́tà, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ọrùn rẹ̀ pàápàá ní ìdánwò tirẹ̀. Orí ọmọ ọdún mẹ́rin máa ń tó sẹ̀ntímítà 51, nítorí náà ọrùn súwẹ́tà gbọ́dọ̀ lè fà dé 54. Abẹ́rẹ́ mìlímítà 5 ni kí ẹ fi pa ojú ọrùn dé, kó lè dẹ̀. Bí kò bá ṣì fà tó, ẹ fi èjìká kan sílẹ̀ láìrán kí ẹ fi bọ́tìnnì 3 sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ súwẹ́tà fún òtútù oṣù Agẹmọ, oṣù kẹrin ni kó ti hun awẹ́ rẹ̀. Ti ọyẹ́, oṣù kẹsàn-án. Ẹ so bébà kékeré mọ́ awẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ yín, irú òwú, nọ́ńbà abẹ́rẹ́, iye ojú àti iye ìlà sí i. Ẹ kó gbogbo wọn sínú agolo mílíìkì kan kí ẹ dé e pa nítorí eku. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, òṣùwọ̀n á wà lórí tábìlì, òwú á wà nílẹ̀. Ẹni tó bá mú awẹ́ rẹ̀ dání, tó ti fọ̀ ọ́, tó ti kà á, la máa wọn òwú fún. Ẹni tí kò bá mú un wá, kó wá jókòó, kó gba abẹ́rẹ́, kó gbé ojú 40.