Bí mo ṣe yọ sìmẹ́ǹtì kúrò lára ilé oko àtijọ́ ní Suffolk, nílẹ̀ England

Owó tí mo fi yọ sìmẹ́ǹtì kúrò lára ilé yìí pọ̀ ju owó tí ẹni tó rẹ́ ẹ gbà lọ dáadáa, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí. Sọ́fíyọ̀ tó yẹ ilé wò fún wa ká tó rà á kàn kọ ọ́ síwèé pé ògiri ń tutù, kí wọ́n fa kẹ́míkà sí i, ó sì gbowó ẹ̀ lọ.

Ilé àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ni, igi oak ni wọ́n fi ṣe egungun ẹ̀, wọ́n hun ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín igi yẹn, wọ́n wá fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá gbé ilé alámọ̀ rí nílé á mọ nǹkan tí mò ń sọ, irú ògiri yẹn máa ń mumi, tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i á tún gbẹ. Wọ́n wá lọ fi sìmẹ́ǹtì bo ìta ẹ̀, àfi bí ẹni wọ ráínkóòtù sùn. Òjò ń gba ibi tó sán wọlé, kò wá rọ́nà jáde mọ́. Nígbà tá a ṣí i, mo ti ìka bọ igi ńlá tó tẹ́ sílẹ̀ nídìí ògiri, ìka ọ̀hún wọlé pátápátá, ẹ̀tù rọ́bọ́rọ́bọ́ ló kù sí mi lọ́wọ́.

Káńsù ló wá fojú mi rí màbo. Ilé yìí wà lára àwọn ilé àtijọ́ tí ìjọba fi òfin dáàbò bò, Grade II ni ipò ẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé ìyẹn ò tó nǹkan torí Grade I àti Grade II* wà lókè ẹ̀, irọ́ ni o, inú àti ìta ni òfin ń ṣọ́, òfin 1990 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn téèyàn bá yí ilé bẹ́ẹ̀ padà láìgbàṣẹ. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ ò gba kọ́bọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ya àwòrán ilé àtẹni tó máa kọ ìtàn ẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀sẹ̀ 8 ló yẹ kí wọ́n fi dáhùn. Ó kọjá. Ọ́físà ní ká ya bí oak tuntun ṣe máa so mọ́ ti àtijọ́, káfíńtà yà á, ọ́físà lọ lífù, ẹlòmíì gbà á, òun náà tún ní irú lime wo (ẹfun òkúta tí wọ́n fi ń rẹ́ irú ògiri yìí dípò sìmẹ́ǹtì), yanrìn wo, báwo lẹ ṣe máa pò ó. Mo ṣe sùúrù. Ẹni tó rẹ́ sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Mi ò rí ìwé àṣẹ kankan tóun gbà!

Nígbà tí àṣẹ máa fi jáde, òtútù ti dé, wọn kì í sì í fi lime rẹ́ ògiri tí ojú ọjọ́ bá ti ń lọ sí 5°C, torí yìnyín á fọ́ ọ. La bá fi tapólì bo ilé, owó scaffolding ń gorí ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, VAT 20% tún wà lórí gbogbo ẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an ò le, káfíńtà mi mọṣẹ́ ju! Èèkàn igi ló fi so oak tuntun mọ́ ti àtijọ́, kò síṣòó kankan níbẹ̀. Ó mú mi gòkè àjà, ó fi igi tó dúdú kirikiri fún èéfín hàn mí, torí ilé náà ò ní ṣímínì níbẹ̀rẹ̀, àárín yàrá ńlá ni wọ́n ti ń dáná, èéfín á gba òrùlé jáde. Nọ́ńbà tí àwọn káfíńtà àtijọ́ fín sára igi, kí wọ́n lè mọ èyí tó bá èyí mu, ṣì wà níbẹ̀ ketekete. Òun náà fín ọdún iṣẹ́ tiẹ̀ sára tuntun. Orí mi wú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú ilé yìí, ẹ fọwọ́ gbá ògiri ìta káàkiri, ẹ wá sọ́fíyọ̀ tó mọ lime, ẹ sì gbé fọ́ọ̀mù lọ sí káńsù ní October, kí àṣẹ lè bá ojú ọjọ́ tó dáa. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé insurance o, tèmi ní díẹ̀díẹ̀ ni igi náà ń jẹrà, àwọn ò sì í san ìyẹn.