Bí mo ṣe lo kòkòrò àìfojúrí fún sóyà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Oko wa wà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìkòyí-Ilé. Ilẹ̀ oníyanrìn ni, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí a ń gbìn síbẹ̀ lọ́dọọdún sì ti mú kí ó ṣá. Ẹ̀wà tiwa ṣì máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀, nítorí kòkòrò àìfojúrí tí ń bá gbòǹgbò rẹ̀ ṣiṣẹ́ ti wà nínú ilẹ̀ wa tipẹ́; ṣùgbọ́n láti ìhà Ṣáínà ni sóyà ti wá, irú èyí tí òun ń fẹ́, tí wọ́n ń pè ní Bradyrhizobium japonicum, kì í sábà pọ̀ tó níbí. Kòkòrò yìí ni ó ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún sóyà, tí sóyà náà sì ń bọ́ ọ padà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ra ìyẹ̀fun dúdú tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀, abẹ́ páánù abà ni mo gbé e sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ooru sì pa á. Ohun ẹlẹ́mìí ni, kì í ṣe ajílẹ̀ inú àpò.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ àmù omi ni mo fi sí títí di ọjọ́ ìgbìn ní oṣù Keje. Mo kọ́kọ́ gbin ebè mẹ́ta láìfi nǹkan kan sí irúgbìn wọn, kí n tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun náà rárá, kí n lè fi wọ́n wé ìyókù. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ igi máńgòrò, mo wọ́n omi ṣúgà díẹ̀ sórí irúgbìn kìlógíráàmù 10 tí kò ní oògùn lára, mo da gíráàmù 100 ìyẹ̀fun lé e, mo sì rọra fọwọ́ yí i títí gbogbo rẹ̀ fi dúdú. Omi náà kò gbọdọ̀ pọ̀, kí èèpo irúgbìn má baà ṣí. Bí mo ti ń gbìn ín ni Màámi ń tẹ̀lé mi, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ bò ó kí oòrùn má baà rí i. A fi ajílẹ̀ súpà, tí ó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, sí gbogbo oko, nítorí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í ti inú afẹ́fẹ́ wá bíi náítírójìn.

Nígbà tí ó yọ òdòdó, mo fi ọkọ́ wú igi mélòó kan, nítorí bí a bá fà á tu, inú ilẹ̀ ni kókó ara gbòǹgbò, tí kòkòrò náà ń gbé inú rẹ̀, yóò já sí. Mo ṣan gbòǹgbò náà nínú abọ́ omi: kókó bí ọkà bàbà ṣù mọ́ ìdí rẹ̀. Mo fi abẹ la ọ̀kan, inú rẹ̀ pupa bí ẹran tútù.

Màámi ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé gbòǹgbò ní ẹ̀jẹ̀ ni?”

Mo sọ fún wọn pé ohun tí ó mú un pupa jọ èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa, àti pé pípupa yẹn ni ẹ̀rí pé kòkòrò náà ń ṣiṣẹ́. Lórí ebè mẹ́ta yẹn, ewé ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kókó kéékèèké díẹ̀ tí a rí níbẹ̀ sì funfun nínú.

Nígbà ìkórè, àdá ni Màámi ní kí a fi gé igi sóyà, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè kù sínú ilẹ̀ de àgbàdo tí ń bọ̀.