Bí mo ṣe fi fóònù ya máàpù oko kòkó mọ́kànlélógójì nítorí òfin EU

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Bàbá Akọ̀wé pè mí láti abúlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, àwọn sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó wa lójú ọ̀nà Ìdànrè. Wọ́n ní ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn ti sọ pé tí ọdún bá fi parí, òun ò ní gba àpò kankan tí kò bá ní "nọ́ńbà ilẹ̀" mọ́. "Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà nínú ilé yìí. Wá bá wa ṣe é." Mo fi ọjọ́ mẹ́ta sí i lọ́kàn. Oṣù márùn-ún ló gbà mí.

Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, tí gbogbo wa mọ̀ sí EU, ṣe ní ọdún 2023 ló fa wàhálà yìí. Nǹkan méje ló kàn: màálù, kòkó, kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà àti igi gẹdú. Ẹni tó bá fẹ́ kó wọn wọ orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó wà nínú EU gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọn kò hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣán igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, àti pé wọn ò rú òfin ìlú tí wọ́n ti gbìn wọ́n. Kò sì tó kéèyàn fẹnu sọ ọ́. Oko gan-an ni wọ́n fẹ́ rí lórí máàpù. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ìyẹn bí éékà mẹ́wàá, èèyàn ní láti rìn yí i ká. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ilẹ̀ ti ojú kan péré ti tó, ìyẹn nọ́ńbà méjì tí fóònù fi ń sọ ibi tí èèyàn wà láyé, bí dígíìtì mẹ́fà bá ti wà lẹ́yìn pọ́íńtì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Òfin náà ò bá àgbẹ̀ wí ní tààràtà. Oníṣòwò tó ń kó o wọ Yúróòpù ni owó ìtanràn ń dúró dè. Ṣùgbọ́n oníṣòwò yẹn ló yíjú sí ẹni tó ń kó kòkó jáde ní Èkó, ẹni Èkó yíjú sí ẹni tó ń rà á ní Àkúrẹ́, ẹni Àkúrẹ́ sì wá bá Bàbá Akọ̀wé lábẹ́ igi kòkó.

Àwọn kan bi mí pé ṣé ìjọba wa ò lè sọ pé àwọn ò gbà ni. Wọ́n ti sọ ọ́, dé ìwọ̀n àyè kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, orílẹ̀-èdè 17, Nàìjíríà, Ghana, Brazil àti Indonesia wà lára wọn, kọ̀wé sí àwọn olórí EU pé òfin yìí yóò fìyà jẹ àgbẹ̀ kékeré. Àmọ́ ọjà náà ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Amsterdam ni èbúté tí kòkó ń gbà jù lọ ní gbogbo ayé. Ọwọ́ wa pàápàá ò le nínú ọ̀rọ̀ òwò yìí: nígbà tí àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bá EU dúnàá dúrà fún ọdún púpọ̀ lórí àdéhùn òwò, Nàìjíríà kò fọwọ́ sí i. Ghana dá tirẹ̀ fọwọ́ sí ní 2016. Èso kòkó gbígbẹ tiwa ń wọlé sọ́dọ̀ wọn láìsan owó ibodè, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di bọ́tà kòkó níhìn-ín ká tó kó o lọ, owó ibodè wà lórí rẹ̀. Ti Ghana kò ní. Mi ò sọ pé kí a fọwọ́ sí i o. Àwọn tó ní iléeṣẹ́ nílùú yìí ní ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Àìsí bọ́ọ̀dù kòkó ti ìjọba ló tún jẹ́ kó le sí i. Ghana ní COCOBOD, bọ́ọ̀dù kòkó tiwọn, tó ń kó orúkọ àgbẹ̀ jọ sójú kan. Bọ́ọ̀dù kòkó tiwa ti wọlẹ̀ láti 1986, nítorí náà olúkúlùkù ẹni tó ń rà ló ń wá ya máàpù tirẹ̀. Mo dé oko kan tí ẹlòmíì ti yà á lóṣù méjì ṣáájú. Kò sì sí ẹni tó fún àgbẹ̀ náà ní bébà kankan.

Iṣẹ́ fóònù fúnra rẹ̀ ò le púpọ̀, bí èèyàn bá ti ṣe àṣìṣe tirẹ̀ tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yí oko éékà méjìlá ká nínú ẹrẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀, mo dé ìdí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo wo ojú fóònù, ìlà náà ti já láàárín. Fóònù ló sùn: mo gbà á láyè láti máa ṣọ́ bátìrì jẹ, ó sì pa áàpù náà. Láti ọjọ́ yẹn mo máa ń pa ìṣọ́-bátìrì yẹn kí n tó gbéra, mo máa ń sọ máàpù kalẹ̀ sórí fóònù láti Àkúrẹ́ nítorí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lóko, mo sì ń gbé páwà báǹkì méjì dání. Abẹ́ igi kòkó tó ṣú, GPS, ìyẹn ohun tó ń sọ ibi téèyàn wà fún fóònù, máa ń ṣìnà tó mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí ìṣìnà náà wálẹ̀ sí mítà márùn-ún kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń kánjú yóò gbé oko lọ sórí ilẹ̀ ẹlòmíì, wọn yóò sì pè é lólè.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an kò sí nínú fóònù. Nípàdé àkọ́kọ́, bàbá kan, ará Ọ̀yọ́ tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún, gbọ́ gbogbo àlàyé mi, wọ́n wá bi mí pé: "Ọmọ mi, bí onílẹ̀ bá rí i nínú bébà pé éékà mẹ́jọ ni mo ń ro, èló ni ìṣákọ́lẹ̀ ọdún tó ń bọ̀?" Mi ò rí èsì. Ọdún gbọọrọ ni gbogbo wọn ti fi ń gbé lórí pé ẹnì kan ò mọ ibi tí oko ẹnì kejì parí sí gan-an, èmi sì dé pẹ̀lú fóònù láti wá sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá Akọ̀wé lọ pe olórí ẹbí onílẹ̀ wá síwájú Baálẹ̀, wọ́n fẹnu kò pé ìṣákọ́lẹ̀ kò ní tìtorí máàpù lé, àti pé kò sí bébà tó máa kan onílẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n pa obì. Ọjọ́ kejì ni bàbá Ọlọ́yọ̀ọ́ fúnra wọn mú mi lọ sóko.

Ààlà tún wà ńbẹ̀. Oko ọbàkan méjì wọnú ara wọn lórí máàpù mi. Pèrègún mẹ́ta ni bàbá wọn fi pààlà. Méjì ló kù. Igi kòkó mọ́kànlá ló wà láàárín ibi tí ẹ̀gbọ́n ní pèrègún kẹta wà àti ibi tí àbúrò ní ó wà. Lọ́dún tí tọ́ọ̀nù kòkó kan ju 10,000 dọ́là lọ ní New York, ta ni yóò ṣe ojú àánú lórí igi mọ́kànlá? Mo ní kí àwọn méjèèjì jọ rìn níwájú, kí n máa tẹ̀ lé wọn. Wọ́n bú ara wọn dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n sì pín igi náà ní mẹ́fà àti márùn-ún.

Oko mẹ́ta bọ́ sínú igbó ọba, mi ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i, torí òfin EU béèrè pé kí òfin ìlú wa náà fọwọ́ sí oko. Ọ̀kan nínú àwọn tó ni oko náà ní kí n lọ tẹ nọ́ńbà náà ní ẹ̀yìnkùlé òun. Mo kọ̀. Títí di òní, bí mo bá kí i, ó kàn ń mi orí ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oko Bàbá Akọ̀wé. Wọ́n fi ìrókò, àfárá, obì àti ọ̀pẹ sílẹ̀ kó máa ṣíji bo kòkó, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti kékeré. Nígbà tí mo fi máàpù oko tí mo yà wé máàpù igbó ti ọdún 2020, igbó ni máàpù pe oko náà! Sátẹ́láìtì kò rí kòkó lábẹ́ igi ńlá. Ẹni tó dáko dáadáa wá dà bí ẹni tó ń pa igbó. Máàpù yẹn kì í ṣe ìdájọ́, nítorí náà a kó ẹ̀rí jọ: àwòrán ìdí kòkó tó ti gbó, ìwé ìtajà ẹgbẹ́ láti bí ogún ọdún, fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi tí wọ́n yà nínú oko náà ní 2014. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹni tó ń rà tó gbà á.

Láàárín gbogbo èyí, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2024, ìròyìn dé pé EU fẹ́ sún òfin náà síwájú. Wọ́n sún un láti oṣù Kejìlá 2024 sí ti 2025. Àwọn ará oko rẹ́rìn-ín: "Àwọn òyìnbó rẹ ti gbàgbé wa." Mẹ́jọ ò jáde mọ́ títí Bàbá Akọ̀wé fi lọ bẹ̀ wọ́n. Mo parí ní oṣù Kejì 2025: oko 41, wọ́n gba 38. Ẹni tó ń rà kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó kòkó nítorí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2025, wọ́n tún sún òfin náà, sí ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2026 fún iléeṣẹ́ ńlá, àti oṣù Kẹfà 2027 fún àwọn kéékèèké. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan pa èyí mọ́ra kí n tó sọ ọ́ lábúlé.

Bàbá Akọ̀wé ti fi ọ̀rá bo máàpù oko tiwọn, wọ́n gbé e kọ́ pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún pè mí. Ọbàkan méjì yẹn ti pín ilẹ̀ náà sọ́nà mẹ́rin fún àwọn ọmọ wọn, pèrègún tuntun ti wọlẹ̀, kí n bọ̀ wá tún un rìn.