Omi lásán gbé hepatitis jáde

Owó ló kọ́kọ́ dùn mí. Kit, ìyẹn àpótí èròjà àyẹ̀wò, tí wọ́n gbé nínú yìnyín láti Èkó wá bá wa n'Íbàdàn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣòfò nítorí omi.

Ẹ̀rọ PCR, tó ń sọ DNA di púpọ̀ ní ìyípo-ìyípo, la fi ń wá fáírọ́ọ̀sì hepatitis B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a ṣe ń yọ DNA àti bí a ṣe ń po reagent, ìyẹn èròjà inú kit, ẹni tó ń ṣe é mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká fò ó. Túùbù kan máa ń wà láàárín tàwọn aláìsàn tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, àfi omi. Òun ni negative control. Kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan jáde. Tiwa gbé e jáde ní ìyípo 34.

Ọ̀gá ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe, ó jáde ní 33. A ò lè fún ẹnikẹ́ni lésì. Kí ni kí n wí fún màmá tó wọkọ̀ láti Mọ́níyà wá gba èsì ọmọ rẹ̀?

Mo pààrọ̀ omi, pàbó. Mo ṣí primer tuntun, ìyẹn DNA kékeré tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà, pàbó. Gbogbo túùbù tí mo bá gbé ni mo ń rí bí owó oṣù mi. Ọ̀gá sì ń bi mí léraléra bóyá mo wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ kẹ̀!

Mo wá mú owú tútù, mo fi nu gbogbo nǹkan inú yàrá tí a ti ń po reagent: ọwọ́ ilẹ̀kùn, fíríìsà, bírò, ráàkì túùbù. Mo fọ owú kọ̀ọ̀kan sínú omi tuntun, mo kó o sẹ́rọ. Ráàkì búlúù kan jáde ní ìyípo 19! Bí ìyípo bá ṣe kéré tó ni DNA ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń gbé e lọ sí yàrá ẹ̀rọ, tó ń ṣí túùbù tó ti parí lórí rẹ̀ láti fi ṣe gel, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi DNA hàn, tó tún ń gbé e padà wá. Ìyípo 30 lè sọ ẹyọ DNA kan di bíi bílíọ̀nù kan, ẹ wo ohun tí ẹ̀kán kan á ṣe. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi spirit nu ráàkì ọ̀hún. Spirit kì í ba DNA jẹ́, bílíìṣì ni. Èmi ni mo rí i o, kì í ṣe ọ̀gá.

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ fi owú wá yàrá kí ẹ tó sun reagent mìíràn. Bílíìṣì 10% tí ẹ pò lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ fi nù, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fomi nù ún kúrò, torí ó ń jẹ irin. Ọjọ́ tí primer bá dé ni kí ẹ pín in sí túùbù kéékèèké. Ẹ lẹ téèpù pupa mọ́ ohun yòówù tó jẹ́ ti yàrá ẹ̀rọ.

Ráàkì búlúù ńkọ́? Mo ti sọ ọ́ nù. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ò tíì kí mi.