Bí A Ṣe Ń Pa Ìwé Àṣírí Mọ́ Nídìí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ọ́fíìsì

Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé rí, mo fi ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí gbogbo wa jọ ń lò, ṣùgbọ́n kí ojú-ìwé àkọ́kọ́ tó yọ, iná lọ. Mo rò pé iṣẹ́ náà ti bá iná lọ, mo sì jáde lọ jẹun. Àṣé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, tí bátìrì gbé ró, ṣì di iṣẹ́ náà mọ́wọ́. Bí iná ṣe dé, ó tún un rán, ojú-ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jáde sí gbangba. Nígbà tí n ó fi padà dé, ojú-ìwé kejì ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan, ó ń fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan dé ibi tí iye owó wà. Kò sí ẹni tó jalè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo fi ìwé sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àárín ìgbà tí a pàṣẹ fún ẹ̀rọ àti ìgbà tí ìwé tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni àṣírí ti máa ń tú. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá inú ọ́fíìsì ló lè di iṣẹ́ mú títí ẹni tó ni ín yóò fi dé ìdí rẹ̀: Ricoh pe ètò yìí ní Locked Print, Canon pè é ní Secured Print. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì Print, ẹ wọ Properties tàbí Preferences, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́, ẹ yan ètò náà, kí ẹ sì fún iṣẹ́ yín ní nọ́ńbà àṣírí tí kì í ṣe 1234, tí kì í sì ṣe ọjọ́ ìbí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ẹ wá orúkọ yín lójú rẹ̀, ẹ tẹ nọ́ńbà yín, ìwé yóò sì máa jáde níṣojú yín. Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ gan-an ni kọ̀ǹpútà yàn, nítorí ìwé tí ẹ ń retí nísàlẹ̀ lè ti máa jáde ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ìdí rẹ̀ kí ẹ tó rán iṣẹ́. Ní tèmi, ó yẹ kí ẹni tí ń bójú tó owó oṣù tàbí fáìlì àwọn aláìsàn ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́.

Bí iná bá lọ, tàbí tí ìwé bá há, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti fagi lé iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà àti lójú ẹ̀rọ. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ẹ yọ ìwé tó há, títí kan ègé tó ya, kí ẹ sì ka iye ojú-ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹ gbé ọmọrí ẹ̀rọ sókè kí ẹ tó lọ, torí pé ojúlówó ìwé ni a sábà máa ń gbàgbé sórí gíláàsì.

Ìwé tó bàjẹ́ náà ṣì jẹ́ ìwé àṣírí. Mo ti ra ẹ̀pà nídìí ọkọ̀ rí, tí wọ́n fi ìwé tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù èèyàn kún inú rẹ̀ wé e fún mi. Ọ́fíìsì kan ló kó o dànù bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ìwé àkọsílẹ̀, ẹ má sì yà á sí méjì kí ẹ jù ú sí agbọ̀n. Bí ẹ bá máa ra ẹ̀rọ tí ń gé ìwé, ẹ yẹra fún èyí tí ń là á ní tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, ẹ béèrè èyí tí ó dé ìpele P-4 nínú ìlànà DIN 66399 ti ilẹ̀ Jámánì, tí ègé rẹ̀ kì í ju 160 mílímítà níbùú-lóòró lọ. Bí kò bá sí, ẹ sun ún, kí ẹnìkan sì dúró tì í títí yóò fi di eérú.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rò ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńlá ní hard disk nínú, tí àwòrán ohun tí a ti tẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ ìlera Affinity Health Plan ní New York san $1,215,780 fún ìjọba Amẹ́ríkà nítorí pé ó dá àwọn ẹ̀rọ tó háyà padà láìpa ohun inú wọn rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà lè kan tó 344,579 èèyàn. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó kúrò lọ́fíìsì, ì báà jẹ́ títà tàbí dídápadà, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ẹ̀rọ pa disk náà rẹ́ níṣojú yín. Ẹ sì yí páswọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ náà bá wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é padà.

Bí ìwé bá tú sáyé síbẹ̀síbẹ̀, ẹ gbà á padà, ẹ kọ wákàtí náà sílẹ̀, ojú-ìwé tó jáde àti ẹni tó rí i, kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá yín lójú ẹsẹ̀. Lábẹ́ òfin ìdáàbòbò ìwífún tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023, bí ìtúsíta náà bá lè pa àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú ìwé lára, wákàtí 72 péré ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi tó Nigeria Data Protection Commission létí, láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n.