Bí mo ṣe tún àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi tọrẹ ṣe fún àwọn tí apá wọn kò ká tuntun

Ilé iṣẹ́ kan tí ó ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà kó àwọn alágbèéká rẹ̀ àtijọ́ fún ẹgbẹ́ wa, pé kí a pín wọn fún àwọn ìdílé tí owó tí ń wọlé fún wọn kò tó ra tuntun. Ọwọ́ mi ni iṣẹ́ àtúnṣe náà bọ́ sí. Kí n tó tan ìkankan nínú wọn, mo kọ́kọ́ yẹ bátìrì wò, mo sì ya gbogbo èyí tí ó ti wú sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń gba bátìrì àlòkù, nítorí pé bátìrì lithium tí ó wú lè gbiná bí nǹkan bá gún un.

Ohun tí ó gba àkókò jù ni pípa ohun tí àwọn tó lo kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀ fi sílẹ̀ rẹ́. Bí a bá pa fáìlì rẹ́ lásán, àkọsílẹ̀ ibi tí ó wà nìkan ni a yọ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ títí tí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Lórí hard disk, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí ó ní àwo tí ń yí, mo fi nwipe, ètò tí ń pa ohun inú disk rẹ́, kọ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ní tèmi, ẹni tí ó bá ní dandan ni kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀meje kàn ń fi iná mànàmáná ṣòfò ni. SSD, ibi ìpamọ́ tí kò ní àwo tí ń yí, tí ó sì yára ju hard disk lọ, kò rí bẹ́ẹ̀: ó ní àwọn àyè ìpamọ́ tí irú kíkọ bẹ́ẹ̀ kì í dé, nítorí náà àṣẹ Secure Erase tí ó wà nínú SSD fúnra rẹ̀ ni mo lò.

Lẹ́yìn náà ni mo fi ètò smartctl yẹ ìlera disk kọ̀ọ̀kan wò, mo fi ètò Memtest86+ dán RAM, ìrántí tí kọ̀ǹpútà ń lò nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, wò, mo gbọn eruku kúrò nínú fáànù, mo sì pààrọ̀ thermal paste tí ó ti gbẹ, ìyẹn ohun bí ọ̀dà tí ń gbé ooru kúrò lára processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bátìrì kékeré CR2032 tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, kò ṣeé fojú fò: bí ó bá ti kú, ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà yóò máa padà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì kọ̀ láti ṣí, ẹni tí ó gbà á yóò sì rò pé a gbé òkú kọ̀ǹpútà fún òun.

SSD tí mo fi rọ́pò hard disk ni ó sọ wọ́n di ohun tí ènìyàn lè lò láìbínú, pẹ̀lú RAM tí mo gbé láti 4GB sí 8GB. Microsoft ti dá àtìlẹyìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, púpọ̀ nínú wọn kò sì kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11, tí ó ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà, àti processor tí kò pẹ́ jù. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni mo fi sí wọn. Ìyá kan béèrè bóyá yóò lè ṣí iṣẹ́ tí ọmọ wọn fi Word kọ. Mo fi LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́, ṣí i lójú wọn, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ lè yí díẹ̀.

N kò fi èyíkéyìí sílẹ̀ láìdán kámẹ́rà, máíkì àti Wi-Fi rẹ̀ wò, tàbí láìrí i pé fólítì ṣájà bá ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ kọ̀ǹpútà mu. Àwọn tí kò gba àtúnṣe mọ́, mo yọ RAM, kìíbọ́ọ̀dù àti ojú wọn fún àwọn yòókù, mo sì kó ìyókù fún àwọn tí ń tú ẹ̀rọ àlòkù palẹ̀.