Home Office ní àwọn kò gbà mí gbọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹjọ́ asylum

Ìbéèrè: Ìlú ọba ni mo wà. Home Office (ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú) kọ asylum (ààbò fún ẹni tó sá fún ewu nílé) tí mo béèrè, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi kò ṣeé gbà gbọ́. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò tíì parí. Ọjọ́ 14 péré lẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí First-tier Tribunal (ilé ẹjọ́ tó kọ́kọ́ ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí), láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi kọ̀ yín ránṣẹ́ ni wọ́n sì ti ń kà á. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka ìparí ìwé náà, torí wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ti àwọn mìíràn pé wọn kò lè pe ẹjọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá lọ́yà lónìí, kí ẹ sì béèrè legal aid (owó tí ìjọba fi ń san ti lọ́yà).

Ìbéèrè: Wọ́n ní ohun tí mo sọ ní screening (ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kékeré àkọ́kọ́) tako èyí tí mo sọ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ńlá.

Ìdáhùn: Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ gba àkọsílẹ̀ méjèèjì, ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí wọ́n fi kọ̀ yín, kí ẹ sì fèsì sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní screening, ṣókí ni wọ́n ń ní kéèyàn sọ ọ́. Ohun tí ẹ kò tíì dárúkọ níbẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ rí i bẹ́ẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá ṣì yín gbọ́, ẹ tọ́ka sí ìbéèrè náà gan-an. Bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀ ni ẹnu yín kò gbà láti sọ lójú àjèjì, ẹ ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́. Ìwé dókítà máa ń ṣèrànwọ́ níbẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ọjọ́ tí ẹ kò bá rántí, ẹ ní ẹ kò rántí. Ẹ má fojú bù ú.

Ìbéèrè: Báwo ni ẹ̀rí ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ láti ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, 2022 lẹ ti béèrè asylum, òfin tí wọ́n ń pè ní Nationality and Borders Act 2022 ló kàn yín. Adájọ́ á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó jọ òótọ́ ju kó má jẹ́ òótọ́ lọ pé irú ẹni tí ẹ pe ara yín lẹ jẹ́, pé ẹ̀rù sì ń bà yín nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ewu tó wà nílé. Òṣùwọ̀n tìyẹn rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìbéèrè: Ìgbà tí wọ́n ní kí n máa lọ ni mo tó béèrè.

Ìdáhùn: Òfin asylum ti ọdún 2004, ẹsẹ̀ 8, ní kí adájọ́ ka pípẹ́ yẹn sí àléébù fún ìgbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn nìkan dájọ́. Gbogbo ẹ̀rí ni yóò wò pọ̀.

Ìbéèrè: Bí adájọ́ náà bá kọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ lè tọrọ àyè láti lọ sí Upper Tribunal (ilé ẹjọ́ tó ga ju First-tier lọ), ọjọ́ 14 náà ni. Àmọ́ àṣìṣe nínú òfin ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Kí gbogbo ẹ̀rí yín ti wà nílẹ̀ ní First-tier.